Wọ́n gba WhatsApp ọjà mi, wọ́n sì ń fi gba owó lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́mà mi

Ìbéèrè: "Ẹ káàárọ̀ sà. Aṣọ òkè ni mò ń tà n'Ìṣẹ́yìn, orí WhatsApp ni mo ti ń gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́, mo ní kọ́sítọ́mà l'Ékòó, mo ní ní London, mo ní ní Houston. Lọ́jọ́ Àìkú ọkùnrin kan pè mí, ó dárúkọ mi, ó lóun ń pè láti ẹgbẹ́ àwa aláṣọ òkè, pé a fẹ́ ṣèpàdé lórí fóònù, kọ́ọ̀dù kan á wọlé kí n kà á fóun. Mo kà á. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí WhatsApp fi lé mi síta. Látìgbà yẹn ló ti ń bá àwọn kọ́sítọ́mà mi sọ̀rọ̀ bíi pé èmi ni, ó ní kí wọ́n san owó ìdajì aṣọ ẹbí wọn. Ẹnìkan ti san N180,000, ẹnìkan ní London ti san £300. Mo fi fọ́tò ohun tó kọ sí wọn ránṣẹ́ sí yín. Ọmọ mi ní kí n ra antivirus, ọmọṣẹ́ mi ní kí n ju fóònù yẹn nù kí n gba nọ́ńbà tuntun. Èwo ni kí n ṣe?"

Mà, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú o. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, olè yẹn ṣì wà nínú ilé bẹ́ ẹ ṣe ń kọ̀wé sí mi, torí náà ká tó sọ ohunkóhun ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé e jáde. Ẹ má ju fóònù nù. Ẹ má ra antivirus kankan. Kò sí nǹkan tó ṣe fóònù yín, nọ́ńbà yín ló gbé lọ sórí fóònù tiẹ̀, sím yẹn sì wà lọ́wọ́ yín, ẹni tí sím wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló lè gbà á padà.

Ẹ ṣí WhatsApp báyìí, ẹ tẹ nọ́ńbà yín síbẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi kọ́ọ̀dù oní-nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí sím yín, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ojú ẹsẹ̀ ló jábọ́ lórí fóònù tiẹ̀. Àmọ́ àwọn olè yìí gbọ́n, bí wọ́n bá ṣe ń wọlé ni wọ́n ń fi PIN tiwọn ti ilẹ̀kùn látinú. Tí WhatsApp bá wá ń béèrè PIN tí ẹ ò mọ̀, ẹ má méfò, ọjọ́ méje lẹ máa dúró kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé láìsí PIN yẹn. Mo mọ̀ pé ọjọ́ méje pọ̀ fún ẹni tó ń tajà, pàápàá lásìkò ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀ lórí nǹkan kan: kọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ tẹ̀ yẹn ti lé òun náà síta, ẹ mọ PIN o, ẹ ò mọ̀ ọ́n o, kò lè fi nọ́ńbà yín bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Tí kọ́ọ̀dù bá kọ̀ tí ò wọlé ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé òun náà ti béèrè ẹ̀ léraléra débi tí WhatsApp fi ní kẹ́ ẹ ní sùúrù fún wákàtí mélòó kan, ẹ dúró de àsìkò tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, ẹ má yọ sím. Ẹ tún tẹ ##002# bíi pé ẹ fẹ́ pe èèyàn, kẹ́ ẹ tẹ ibi ìpè. Ohun tíyẹn ń ṣe ni pé tí ẹnikẹ́ni bá ti darí ìpè yín lọ síbòmíì, á pa á rẹ́. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé ọgbọ́n míì ti wà tí wọ́n ń dá, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *21* tàbí **21*, ẹ ò ní ka kọ́ọ̀dù kankan fún wọn rárá, ṣùgbọ́n ìpè tó yẹ kó dún lọ́wọ́ yín á máa dún lọ́wọ́ wọn, WhatsApp sì lè fi ìpè ka kọ́ọ̀dù yẹn sí wọn létí.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn, èyí ò sì gbọ́dọ̀ di alẹ́. Ẹni tó san N180,000 yẹn gan-an ló máa pe báńkì tiẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin, torí inú ákáǹtì tiẹ̀ lowó ti jáde. Kó ní risíìtì yẹn lọ́wọ́, àwọn nọ́ńbà gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní session ID, òun ni báńkì fi ń tọpa owó láti báńkì kan sí ìkejì. Kó sọ pé olè ló gbowó yẹn, kí wọ́n bá òun kọ̀wé sí báńkì tówó lọ kí wọ́n dá owó dúró níbẹ̀. Transfer ilẹ̀ wa kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, àwọn olè náà sì mọ̀, wọ́n máa ń yára tú owó ká sí ákáǹtì mẹ́rin márùn-ún, torí náà ẹni tó bá pè láàárín wákàtí kan lè rí nǹkan gbà, ẹni tó bá dúró di ọjọ́ kejì, ó ṣòro. Mi ò ní tàn yín. Síbẹ̀ kó pè, kó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, tó bá sì tó ọ̀sẹ̀ méjì tí báńkì ò yanjú ẹ̀ kó kọ̀wé sí CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ní cpd@cbn.gov.ng, kó fi nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn sí i.

Ti London yàtọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó dáa jù báyìí lọ. Mo rí i nínú fọ́tò yẹn pé ákáǹtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lolè fún un, tó ní ọmọ òun tó wà níbẹ̀ lóni ín. Láti ọjọ́ 7 oṣù October ọdún 2024, òfin ti wà níbẹ̀ pé tí wọ́n bá fi ẹ̀tàn gba owó lọ́wọ́ èèyàn látinú ákáǹtì ibẹ̀ sínú ákáǹtì ibẹ̀ míì, báńkì ní láti dá a padà, ó máa ń jẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, wọ́n lè yọ tó £100 nínú ẹ̀ sha. Kó pe 159, wọ́n á so ó pọ̀ mọ́ báńkì ẹ̀. Kó sọ òótọ́, kó má fi nǹkankan pamọ́. Ká ní ákáǹtì Nàìjíríà ló sanwó sí látọ̀hún ni, òfin yẹn ò dé ibẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí mẹ́sèjì tó wọlé sí yín lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ẹ lọ wò ó, ó ṣì máa wà lórí fóònù. Nọ́ńbà mẹ́ta, àmì kékeré kan láàárín, nọ́ńbà mẹ́ta míì, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ lóyìnbó pé kẹ́ ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan péré. Ẹ ò rí i torí ọkùnrin yẹn ò dákẹ́. Iṣẹ́ tí ẹnu ẹ̀ ń ṣe nìyẹn, ó ń kí yín, ó ń dárúkọ ẹgbẹ́, ó ń sọ pé àwọn yòókù ti wọlé tán ẹ̀yin nìkan la ń dúró dè, kójú yín má bàa ráyè dé ìlà kejì. Torí náà ẹ má bú ara yín. Mo ti rí lọ́yà tó ka kọ́ọ̀dù, mo ti rí ẹni tó ń kọ́ èèyàn ní kọ̀ǹpútà tó kà á. Ẹ kàn fi èyí sọ́kàn: kọ́ọ̀dù tó bá wọ fóònù yín, ibi tí ẹ̀yin fúnra yín ṣí nìkan lẹ máa tẹ̀ ẹ́ sí, kò sí ìpàdé, kò sí báńkì, kò sí ẹ̀bùn tó nílò kẹ́ ẹ kà á síta.

Ẹ tún lè máa rò ó pé báwo ló ṣe mọ àwọn kọ́sítọ́mà yín. Àwọn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti bára yín sọ tẹ́lẹ̀ kì í bá nọ́ńbà lọ sórí fóònù tuntun, àfi tó bá ti wọnú Google yín, ibi tí WhatsApp ń kó ẹ̀dà pamọ́ sí. Ohun tó máa ń bá nọ́ńbà lọ ni àwọn group. Gbogbo group tẹ́ ẹ wà, bó ṣe wọlé ló rí wọn, ó rí nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ní group tẹ́ ẹ kó kọ́sítọ́mà jọ sí, ibẹ̀ ló ti rí wọn. Tẹ́ ẹ bá gbà á padà, ẹ tú group yẹn ká, ẹ lo broadcast, ìyẹn mẹ́sèjì kan tó ń lọ bá ẹni púpọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n rí nọ́ńbà ara wọn, ó kàn jẹ́ pé ẹni tó bá ti tọ́jú nọ́ńbà yín sórí fóònù ẹ̀ nìkan ló máa rí i gbà.

Ohun tó wá dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká jókòó sí. Nínú fọ́tò yẹn, nígbà tí olè ní kí wọ́n sanwó sí ákáǹtì ọmọ òun, ìdáhùn tí ìyá ti London yẹn kọ ni pé kò burú mà, ṣé kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tá a lò nígbà yẹn, ó dáa. Ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò fura, torí ó ti mọ́ ọn lára. Lóṣù kan ákáǹtì yín, lóṣù kejì ti ọkọ torí pé network ò dáa ní báńkì yín, lóṣù kẹta ti ọmọ, nígbà míì ti oní-POS tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Látìgbà tówó tuntun ti dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ 2023, tí kò sówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀, báńkì tó bá ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn la ó gba owó sí. Mo mọ ìdí ẹ̀, ebi ò sì gbọ́dọ̀ pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí kọ́ọ̀dù yẹn ṣe ò ju pé ó jẹ́ kólè dúró sójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n kówó fún un ni pé àwọn kọ́sítọ́mà yín ò mọ ojú ákáǹtì yín.

Èmi náà jẹ irú ẹ̀ rí. Lọ́dún 2021 mo ń tún fóònù ṣe, mo máa ń ra ojú fóònù lọ́wọ́ ọkùnrin kan l'Ékòó. Lọ́jọ́ kan ó kọ̀wé lórí WhatsApp pé ọjà ti dé, kí n sanwó sí ákáǹtì kan, orúkọ obìnrin kan ló jáde nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, mo rò pé ìyàwó ẹ̀ ni, kọ́sítọ́mà méjì sì ń dúró sí mi lórí. N65,000. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló pè mí láti nọ́ńbà míì pé wọ́n ti gba WhatsApp òun láti àárọ̀. Owó yẹn ò padà. Látìgbà yẹn, ákáǹtì tí mi ò bá sanwó sí rí, mi ò ní sanwó sí i àfi kí n pe onítọ̀hún lórí ìpè gidi, kì í ṣe ti WhatsApp, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀ kí n sì bi í ní nǹkan tó jẹ́ pé àwa méjì la mọ̀ ọ́n.

Torí náà mà, ẹ yan ákáǹtì kan. Ọ̀kan ṣoṣo. Tó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ lórúkọ òwò yín, ìyẹn á gba pé kẹ́ ẹ forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, báńkì á wá ṣí i lórúkọ yẹn. Ohun tí mo ń wò ni orúkọ tó ń jáde: kí èèyàn tó fowó ránṣẹ́ nílẹ̀ wa, orúkọ ẹni tó ni ákáǹtì á kọ́kọ́ yọjú. Ẹ jẹ́ kí gbogbo kọ́sítọ́mà mọ orúkọ yẹn bí wọ́n ṣe mọ ojú yín, kí wọ́n mọ̀ pé tórúkọ míì bá jáde, tó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n má san, kí wọ́n pè yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì kékeré tẹ́ ẹ máa ń fi sínú láílọ́ọ̀nù aṣọ, ẹ kọ ọ́ sórí risíìtì. Lọ́jọ́ tí network bá bàjẹ́ ní báńkì yẹn, ẹ ní kí wọ́n ní sùúrù. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jìyà ẹ̀ fún bí oṣù kan, wọ́n á máa ráhùn, lẹ́yìn náà á mọ́ wọn lára.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti wọ WhatsApp padà, kẹ́ ẹ tó kí ẹnikẹ́ni, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, ẹ yan PIN oní-nọ́ńbà mẹ́fà tí kì í ṣe ọdún tí wọ́n bí yín tàbí tọmọ yín, ẹ fi ìméèlì yín sí i kó lè ràn yín lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ká ní ó ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú ni, kọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ kà yẹn nìkan ò bá má tó o. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ wo Linked devices, ibi tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà míì tí wọ́n so mọ́ WhatsApp yín wà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ yọ ọ́. Ọmọṣẹ́ yín tó ń bá yín dá kọ́sítọ́mà lóhùn, ibẹ̀ lẹ máa so fóònù tiẹ̀ mọ́, ẹ má fún un ní PIN, lọ́jọ́ tó bá gba fúríìdọ̀mù ẹ yọ ọ́ kúrò.

Mo tún fẹ́ bi yín, ṣé GBWhatsApp kọ́ lẹ ń lò? Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń lò ó torí pé ó máa ń jẹ́ kí wọ́n rí status tẹ́nìkan ti pa rẹ́. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ ọ́ lónìí. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ WhatsApp ló ṣe é, gbogbo ọ̀rọ̀ ọjà yín lè máa gba ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ kọjá, WhatsApp sì lè ti nọ́ńbà yín pa tí wọ́n bá rí i. WhatsApp Business ti ojúlówó ni kẹ́ ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni òun náà.

Sím yẹn náà ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́ o. Tí wọ́n bá jí fóònù yín lọ́jà tàbí nínú mọ́tò, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ sím, wọ́n á kì í bọ fóònù tiwọn, kọ́ọ̀dù báńkì, kọ́ọ̀dù WhatsApp, gbogbo ẹ̀ á máa wọlé sí wọn lọ́wọ́. Ẹ fi PIN sí sím náà, nínú Settings fóònù ló wà. Ẹ kọ́kọ́ pe network yín kẹ́ ẹ béèrè PIN tó wà lórí ẹ̀ látilẹ̀, ẹ má méfò, tẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta á tì, á máa béèrè PUK, kọ́ọ̀dù oní-nọ́ńbà mẹ́jọ tí wọ́n fi ń ṣí sím tó ti tì, tẹ́ ẹ bá ṣi PUK náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, sím yẹn ti kú nìyẹn.

Alẹ́ẹ̀tì ayédèrú, ẹ ò béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀rọ̀ owó. Orúkọ báńkì tó bá wà lórí mẹ́sèjì kì í ṣe ẹ̀rí, wọ́n lè fi orúkọ yẹn ránṣẹ́ láti ibòmíì, á sì bọ́ sáàárín àwọn alẹ́ẹ̀tì gidi tí báńkì ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ má yọ aṣọ kankan fún ẹnikẹ́ni torí mẹ́sèjì tàbí torí ohun tó wà lójú fóònù kọ́sítọ́mà. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, ẹ wo iye tó wà níbẹ̀ kó tó dé àti iye tó wà níbẹ̀ báyìí. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ mọ́ á dúró.

Tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ọmọ yín fi ń kọ ìwé gbèsè àti díwọ̀n àwọn kọ́sítọ́mà, tó sì jẹ́ Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, Microsoft tó ṣe é ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò dúró lórí ẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù October ọdún 2025. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra antivirus, ẹ fi ra flash, ìyẹn ohun kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà láti fi kó ẹ̀dà pamọ́, kó máa da ìwé yẹn kọ sórí ẹ̀ lálẹ́ Sátidé, kó yọ ọ́, kó tọ́jú ẹ̀ sílé, kó má jẹ́ kó wà lára kọ̀ǹpútà.

Nọ́ńbà tuntun ńkọ́? Rárá o, ẹ má gbà á. Nọ́ńbà yẹn wà lórí gbogbo káàdì tẹ́ ẹ ti pín, ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ra aṣọ lọ́wọ́ yín lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn tí ọmọ ẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó báyìí. Tẹ́ ẹ bá pa á tì, network lè padà tà á fún ẹlòmíì, ẹni yẹn á máa gba ìpè àwọn kọ́sítọ́mà yín. Àti pé tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé látorí nọ́ńbà tuntun pé èmi ni o, mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà, ohun táwọn olè náà ń kọ gan-an nìyẹn.

Ohun tó kù lónìí ni kẹ́ ẹ pe àwọn kọ́sítọ́mà, ìpè gidi, ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn wà lórí òfì lọ́wọ́lọ́wọ́ torí àwọn lolè máa kọ́kọ́ bá. Ẹ má fi bò. Ẹ sọ pé wọ́n gba WhatsApp mi lọ́jọ́ Àìkú, kì í ṣe èmi ló ní kẹ́ ẹ sanwó, ákáǹtì kan ṣoṣo ni mo ní báyìí, orúkọ tó máa jáde nìyí, ẹni tó bá ti san ẹ jọ̀ọ́ ẹ pe báńkì yín kẹ́ ẹ tó sọ fóònù kalẹ̀. Àwọn tó wà lókè òkun tí owó ìpè wọn pọ̀, ẹ gba fóònù ọmọ yín kẹ́ ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wọn, kẹ́ ẹ dárúkọ aṣọ tẹ́ ẹ ń hun fún wọn àti àwọ̀ tí wọ́n yàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Tí ọjọ́ méje bá pé tí WhatsApp ò tíì ṣí, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ fi fọ́tò ohun tó ń kọ síbẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀dù kankan tó bá wọlé, èmi gan-an, ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi.